Ọ̀nà Èkó sí Abidjan ń bọ̀: ṣé ká ra tírélà ni àbí ká kọ́ sítọ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òmù-Àrán

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń fa awuyewuye nínú ẹgbẹ́ wa, mo sì ní kí n gbé e wá síbí kó tó di ìjà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá. Púpọ̀ nínú wa ló ń ra kajú, gàrí àti èlùbọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, láti Òmù níbí títí dé Àrán-Orin àti Ìsánlú-Ìsìn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń tu owó jọ.

Àwọn kan nínú wa gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ńlá kan láti Èkó dé Abidjan tí yóò so àwọn èbúté pọ̀, kí ẹrù lè máa lọ káàkiri láìsí ìdádúró. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ báyìí, wọ́n ní ká fi gbogbo owó ra tírélà tòkunbọ̀ kan kí àwọn ẹlòmíràn tó jí. Àwọn tó kù ní ká kọ́ sítọ̀ tó ní pèpéle tí a ó máa sá ẹrù sí. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ká lọ ra ilẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Ṣé òótọ́ ni ọ̀nà yìí? Ibo ló gbà? Kí ló kan àwa tí òkun jìnnà sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kó ẹrù kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ rí, kó sọ bó ṣe rí gan-an fún wa. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé.

Ẹnjiníà Àgbà, Tankẹ

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni rédíò ń dárúkọ, àwọn ènìyàn ti wá pò wọ́n mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná.

Èyí tí ẹ ń béèrè ni ọ̀nà Abidjan sí Èkó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,028. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló gbà kọjá: Côte d'Ivoire, Gáná, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Bingerville lẹ́bàá Abidjan ló ti bẹ̀rẹ̀, Mile 2 ní Èkó ló parí sí, Gáná ló sì ni èyí tó gùn jù nínú rẹ̀. Ọdún 2014 ni àwọn ààrẹ fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yamoussoukro. ECOWAS ló ń darí rẹ̀, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ló sì ń ṣaájú níbi wíwá owó. Bílíọ̀nù 15.6 dọ́là ni wọ́n fojú bù ú sí. Yóò so èbúté Abidjan, Tema, Lomé, Kútọnu àti Àpápá mọ́ra. Láti ìgbà náà, ìwádìí àti ìwé àwòrán ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe, 2026 ni wọ́n sì dá pé iṣẹ́ kíkọ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Kàlàbá, nǹkan bíi kìlómítà 700. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹn láti 2024, kọnkéré ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó gba ọ̀dọ̀ èbúté Lekki tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Omi èbúté náà jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ òkun tó tóbi ju ti Àpápá lọ sì lè sún mọ́ ibẹ̀.

Ìkẹta ni Sókótó sí Àgbádárìgì, kìlómítà 1,068. Ìyẹn gba Kwara wa kọjá, àmọ́ apá ìwọ̀ oòrùn ló gbà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé yóò gba Òmù-Àrán, ẹ ní kó fi àwòrán rẹ̀ hàn yín.

Ọ̀nà tó jẹ́ tiwa ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Èkó, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, ó di òkè Ọya. Òun náà wà nínú ọ̀nà ńlá Áfíríkà tó lọ láti Èkó dé Algiers. Gbogbo ẹrù tí yóò bá kúrò ní ìgùsù Kwara lọ sí èbúté, orí rẹ̀ ni yóò rìn. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti Mile 2 dé Abidjan, tí tírélà yín ṣì ń sùn lójú ọ̀nà kí ó tó dé Ìbàdàn, ẹ ò tíì jẹ nǹkankan nínú rẹ̀.

Bàbá Jẹ́bà

2014 rèé o. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fọwọ́ sí i ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ máa ra tírélà lọ.

Àwákọ̀ Bodè Sáàdù

Àsàlámù àlékun. Èmi rèé, mo ti wa tírélà gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ dé Lomé àti Tema. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ kúnnákúnná.

Ẹ má ra tírélà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn, àmọ́ torí pé iṣẹ́ mi ni mo ṣe lè sọ ọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹrù ní àlọ kò ṣòro, ẹrù ní àbọ̀ ló ń pa oníṣòwò. Ẹ kó gàrí lọ sí Accra, ó dáa. Kí lẹ fẹ́ kó bọ̀? Wọ́n ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba bọ́dà ilẹ̀ wọlé láti 2016. Wọ́n ti fòfin de ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba orí ilẹ̀ láti oṣù Kìíní 2017. Ohun tó rọrùn láti rí níbẹ̀ ni ohun tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ kó wọlé. Ọkọ̀ yín yóò bọ̀ lófìfo, dísẹ̀lì kò sì mọ̀ pé kò sẹ́rù lẹ́yìn.

Èkejì, ọ̀pọ̀ ẹrù tí ẹ ń rí tó ń lọ sí Kútọnu, ọkọ̀ Nàìjíríà kì í gbé e débẹ̀. Bọ́dà ni wọ́n ti ń já a sínú ọkọ̀ onínọ́ḿbà Bẹ̀nẹ̀. Àwọn awakọ̀ ọ̀hún mọ ọ̀nà wọn, wọ́n mọ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n gbọ́ Faransé àti Gùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ tiyín la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá lọ sí Gáná, ìwé ìrékọjá wà fún un láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ti 1982. Ẹ ó wá onígbọ̀wọ́ tí yóò dúró fún owó orí ẹrù náà, kó má baà jẹ́ pé ẹ tà á sọ́nà. Wọn á dí ẹ̀yìn ọkọ̀ pa. Bí wọ́n bá bá a ní ṣíṣí ṣáájú ibi tó ń lọ, ẹ ti wọ wàhálà.

Ẹ̀kẹta, Brown Card. Ìwé ìbánigbófò ECOWAS nìyẹn, òun náà ti wà láti 1982. Tí ọkọ̀ bá kọ lu ènìyàn tàbí nǹkan oníǹkan ní ilẹ̀ àjèjì, òun ni yóò gbà yín. Ìbánigbófò ti ilé kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo rí àwọn tó ń rìn láìní in, tí wọ́n ń fi owó bo ojú ẹni tó bá béèrè. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìwúwo. Ní Gáná, wọ́n ń wọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà lóòótọ́. Bí ẹ bá di ẹrù bí a ṣe ń di í níbí, tí tírélà ń tẹ̀ lẹ́yìn bí aboyún, ẹ ó san ìtanràn, ẹ ó sì já èyí tó lé sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò èrè rẹ̀ lórí ẹrù àṣejù, èrè náà yóò parẹ́ ní ibi ìwọ̀n àkọ́kọ́.

Tírélà ń jẹun yálà ó ń rìn tàbí ó dúró. Táyà, awakọ̀, mọ́tò bọ̀ọ̀yì, ìwé tí ẹ ó máa tún ṣe lọ́dọọdún. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ti di gbèsè. Ẹrù Òmù-Àrán kò sì lè gbé e ní gbogbo ọ̀sẹ̀, torí kajú ní àsìkò, iṣu ní àsìkò.

Ẹ háyà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ra táyà.

Ọmọ Ọlọ́fà

Ẹ̀gbọ́n Àwákọ̀, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣàárẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ejigbo ti ń gbà á nígbà tí kò sí ọ̀dà níbẹ̀ rárá. Ọjà Kùmásì àti Tàmálè kún fún wọn kí ìjọba Gáná tó ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ ní oṣù Kọkànlá 1969. Ní ìlú wa, ẹ ṣì lè bá àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ Twi ju Haúsá lọ. Àwọn Ejigbo sì wà ní Abidjan títí di òní, ẹ lọ béèrè ní garéèjì wọn, bọ́ọ̀sì ń lọ tààrà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó mọ ènìyàn níbẹ̀ ń tajà níbẹ̀, ọ̀nà dára tàbí kò dára. Kí ẹgbẹ́ yín tó ra ohunkóhun, ta ni ẹ mọ̀ ní Accra? Ta ni ẹ mọ̀ ní Lomé?

Ẹ̀wẹ̀, kí ló dé tí ẹnìkan kò dárúkọ rélùwéè? Ọ̀fà wà lójú irin, Ìlọrin wà lójú irin, ojú irin àtijọ́ yẹn sì dé Àpápá. Bí a bá máa sọ̀rọ̀ ẹrù àti èbúté, òun ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹnjiníà Àgbà, Tankẹ

Ọmọ Ọlọ́fà, òótọ́ ni. Ẹrù tó wúwo tó sì ń lọ jìnnà, ojú irin ló yẹ ẹ́. Ojú irin fífẹ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 dé Ìbàdàn láti Èkó, kìlómítà 157, ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ èbúté Àpápá. Ó dúró sí Ìbàdàn. Ìlọrin ṣì wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kó ẹrù níláti lọ béèrè ní ibùdókọ̀ pé ìgbà wo ni ọkọ̀ ẹrù ń kọjá, kó má kàn gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ Dára Properties

[Alábòójútó ti yọ èyí kúrò.]

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, a kò ta ilẹ̀ lórí ìbéèrè ènìyàn. Mo fi kún un fún akọ̀wé: ilẹ̀ tó bá wà lójú ibi tí ọ̀nà ìjọba lè gbà kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń fi owó ẹgbẹ́ rà. Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń wó ilé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun Èkó. Ẹ tẹ̀síwájú.

Ìyá Kajú, Ojà Ọba

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kajú, bẹ́ẹ̀ kajú ni akọ̀wé kọ́kọ́ dárúkọ.

Akọ̀wé, ọmọ mi, ta ló fẹ́ ra kajú lọ́wọ́ yín ní Abidjan? Côte d'Ivoire ló ń so kajú jù ní gbogbo àgbáyé. Bẹ̀nẹ̀ náà ní tiwọn, wọ́n sì ti fòfin de kíkó o jáde láìtíì pa á láti oṣù Kẹrin 2024, torí wọ́n fẹ́ kí ilé iṣẹ́ wọn máa pa á nílé. Kajú wa ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Vietnam àti Íńdíà. Èkó ló ti ń lọ. Ọ̀nà tí kajú yín nílò ni Òmù sí Ìlọrin, Ìlọrin sí Èkó, ó parí.

Ohun tó ń gbé owó lé kajú tàbí tó ń já a wálẹ̀ kò sí lójú títì. Omi inú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń kó o lọ sókè òkun ń fẹ́ kó wà láàárín ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú kọ̀ǹtéénà ń gbóná lórí òkun, kajú á bu, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Nítorí náà, ẹ sá a. Orí pèpéle sìmẹ́ńtì ni kí ẹ ti sá a, kì í ṣe etí títì níbi tí iyanrìn àti òkúta ti ń wọ inú rẹ̀. Ẹ máa rò ó. Tí ọwọ́ yín bá gbọn kajú tó gbẹ, ẹ ó gbọ́ kóró tó ń mì nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò. Àpò ìdọ̀họ ni o, kì í ṣe àpò ọ̀rá. Ọ̀rá kì í jẹ́ kó mí. Mo rí àwọn ọmọ kékeré tó ń fi àpò àjílẹ̀ di kajú. Ẹni tó fẹ́ rà á á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á já owó rẹ̀.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Wọn á mú díẹ̀ nínú àpò, wọn á gé e sí méjì, wọn á ya èyí tó dára kúrò lára èyí tó bàjẹ́, wọn á wọn ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye pọ́ùn kóró tó ṣeé jẹ tí yóò jáde nínú àpò kílò 80. KOR ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Bí ẹ kò bá mọ nọ́ńbà kajú tiyín, ẹni tó wá rà á ni yóò sọ ọ́ fún yín, ẹ sì mọ ibi tí ìyẹn ń já sí.

Sítọ̀ ni mo dìbò fún. Sítọ̀ tó ní afẹ́fẹ́, tí pákó wà lábẹ́ àpò, tí òjò kò lè wọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òmù-Àrán

Ẹ ṣé mà, Olúwa á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. A ò mọ ọ̀rọ̀ Côte d'Ivoire yẹn rárá. Gàrí àti èlùbọ́ ńkọ́?

Elélùbọ́, Àjàṣẹ́-Ìpo

Èmi ń kó èlùbọ́ lọ sí Kútọnu àti Accra. Kì í ṣe tírélà o. Bọ́ọ̀sì ni mo ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú wébíìlì, àpò díẹ̀ díẹ̀ sí àwọn oníbàárà tí mo mọ̀. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ń rà á, wọ́n sì mọ èlùbọ́ tó dára ju àwa lọ. Tó bá ti ní ìyẹ̀fun pákí nínú, wọn á dá a padà, wọn á sì sọ fún gbogbo ọjà.

Gàrí le díẹ̀ ní Kútọnu, torí àwọn náà ń ṣe gàrí, tiwọn sì funfun, ó kúná, ó gbẹ. Nígbà tí náírà bá wálẹ̀ sí séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, tiwa máa ń wù wọ́n torí owó rẹ̀ rọ̀ jù. Nígbà tí náírà bá gòkè, ọjà á dákẹ́. Ẹ ṣọ́ séfà kí ẹ tó di àpò kan.

Ajẹ́ntì Sẹ̀mẹ̀

Ìgbómìnà ni mí, bọ́dà ni mo ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìwé, torí ibẹ̀ ni gbogbo yín fò.

Ohun àkọ́kọ́: àwọn nǹkan kan wà tí òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹ kó jáde rárá. Àgbàdo wà nínú rẹ̀. Pákó, awọ tútù, àlòkù irin, wọ́n wà níbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ẹ kò lè tún un kó jáde. Mo sọ èyí torí mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín ti ń ronú pé tí gàrí kò bá tà, a ó kó àgbàdo. Rárá o. Kóró òrí náà, ní oṣù Kẹjọ 2025 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o jáde láìtíì ṣe é, kí wọ́n lè máa fún òrí nílé. Òrí tí a ti ṣe tán ni wọ́n fẹ́ kó máa jáde. Ẹ máa béèrè ibi tí òfin yẹn dé kí ẹ tó ra kóró.

Ìwé tí ẹ nílò. Ẹgbẹ́ níláti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí kíkó ọjà jáde, NEPC. Ẹ ó gba fọ́ọ̀mù NXP, èyí tí a fi ń kéde ẹrù tó ń jáde, nípasẹ̀ báńkì yín. Ohun ọ̀gbìn níláti ní ìwé àyẹ̀wò pé kò ní kòkòrò, lọ́dọ̀ àjọ NAQS. Oúnjẹ tí ẹ ti ṣe tí ẹ sì dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ yín, NAFDAC wà níbẹ̀.

Èyí tó kan ECOWAS gan-an: ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ETLS, tó ní kí ọjà tí a ṣe nínú ECOWAS máa wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ láìsan owó bọ́dà. Ohun ọ̀gbìn tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn, bí iṣu, kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Àmọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe nílò ìfọwọ́sí àti ìwé ẹ̀rí náà, NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ Nàìjíríà, ló ń fún ni. Mo ti rí oníṣòwò tó san owó bọ́dà tí kò yẹ kó san, torí kò mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní sọ fún un.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gba gbogbo ìwé yìí ní Ìlọrin tàbí Èkó kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwé tí ẹ bá wá wá ní bọ́dà, ìlọ́po owó ni.

Bàbá Jẹ́bà

Ajẹ́ntì, gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019 nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí kò ṣí títí di oṣù Kejìlá 2020. Ìwé wo ló gba ẹnikẹ́ni là? Tòmátò jẹrà nínú ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, tí ẹnìkan ní Àbújá bá fọwọ́ sí ìwé, ó ti tì.

Ajẹ́ntì Sẹ̀mẹ̀

Bàbá, ẹ kò purọ́. Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó ní oníbàárà sí Èkó pẹ̀lú kò kú nígbà náà, ẹni tó jẹ́ pé Kútọnu nìkan ló mọ̀ ló jìyà.

Ẹnjiníà Àgbà, Tankẹ

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀, Bàbá Jẹ́bà. Ìdí tí ọ̀nà Abidjan yìí fi ní àjọ tirẹ̀, tó sì ní àdéhùn tí àwọn ààrẹ fọwọ́ sí, ni pé ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ọ̀dà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dídúró ni ìṣòro. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibùdó bọ́dà alájọlò sí Sẹ̀mẹ̀-Kraké, tí wọ́n ṣí ní 2018, kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ òrùlé kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Irú rẹ̀ wà ní Noépé láàárín Tógò àti Gáná. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, Ajẹ́ntì ló lè sọ.

Ajẹ́ntì Sẹ̀mẹ̀

Ilé náà rẹwà.

Ọmọ Ọlọ́fà

😂😂 Ajẹ́ntì!

Alága Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀, Òmù-Àrán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọmọ mi ló fi hàn mí pé akọ̀wé ti gbé wa wá síbí. Èmi ni mo ní ká ra tírélà, mi ò sá fún un.

Mo gbọ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ lófìfo yẹn wọ̀ mí létí, mo gbà. Ọ̀rọ̀ kajú Abidjan náà, mo gbà fún Ìyá Kajú. Àmọ́ ẹ̀yin tó ní ká háyà, ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń fojú wa rí ní àsìkò kajú. Gbogbo onítírélà á sọ owó di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan. Àpò á wà nílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá rà á á mọ̀ pé a ò rí ọkọ̀, á wá fọwọ́ rọ́ owó wa sẹ́yìn. Sítọ̀ dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní sítọ̀ tí kò ní ọkọ̀, ó ń tọ́jú ẹrù fún àwọn ọlọ́kọ̀ ni.

Àwákọ̀ Bodè Sáàdù

Bàbá Alága, ẹ kú ìjókòó, sà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó, ìṣòro tí ẹ sọ kò sí ní Sẹ̀mẹ̀, kò sì sí ní Abidjan. Láti oko dé Ìlọrin ni. Tírélà kò tilẹ̀ lè wọ àwọn ọ̀nà oko yín lọ́hùn-ún nígbà òjò. Ẹ ra kántà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó lè wọ Ìsánlú, ó lè wọ Òkè-Onígbìn, ó lè kó èlùbọ́ dé ọjà Ìpàta ní Ìlọrin ní òwúrọ̀ kó padà wá kó kajú. Nígbà tí kajú bá tán, iṣu ń bọ̀, gbogbo oníṣòwò ìlú á máa bẹ̀ yín kí ẹ bá wọn gbé ẹrù. Kò ní dúró. Táyà rẹ̀ mẹ́fà ni, kì í ṣe méjìlélógún. Tí ẹrù bá ti pé sí sítọ̀ yín ní Òmù tàbí ní etí Ìlọrin, tírélà á máa wá bá yín níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé ẹrù rẹ̀ ti pé, kò ní dúró dè yín lọ́jọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè bá a jà lórí owó.

Ìyá Kajú, Ojà Ọba

Kántà àti sítọ̀. Ẹ má sọ pé mo ṣe ojúsàájú, owó wọn papọ̀ lè má tó ti tírélà tòkunbọ̀ kan tó dára. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta méjèèjì ní Ìlọrin.

Alága Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀, Òmù-Àrán

Kántà kò burú. A ó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì gbà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òmù-Àrán

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, bàbá. Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Tó bá jẹ́ pé oníṣòwò Èkó la tà á fún, tí òun fúnra rẹ̀ ń kó o lọ sí Vietnam, ta ló ni ìwé NXP àti ìwé àyẹ̀wò kòkòrò, àwa tàbí òun?

Ajẹ́ntì Sẹ̀mẹ̀

Òun ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ òkun ló ń ṣe NXP, báńkì rẹ̀ ló sì ń dúró de dọ́là náà. Tiyín ni pé kí ẹ fún un ní ìwé tó fi iye àpò, ìwọ̀n kílò àti ibi tí kajú ti wá hàn, kí ẹ sì ní ẹ̀dà tiyín. Tí ẹ bá fẹ́ máa kó o fúnra yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ NEPC nísinsìnyí tí kò sí ìkánjú. Fún ẹrù Accra, ẹ̀yin fúnra yín ni, gbogbo rẹ̀.

Elélùbọ́, Àjàṣẹ́-Ìpo

Akọ̀wé, tí ẹ bá fẹ́ dán Accra wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo lè fi àpò díẹ̀ tiyín kún tèmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó san tiyín. Kó jẹ́ iṣu gidi o.

Ìyá Kajú, Ojà Ọba

Ẹ̀yin ará Òmù, ẹ má gbàgbé àpò ìdọ̀họ. Ẹ ra á kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní oṣù Kejì, torí tó bá ti di oṣù Kẹta, àwọn tó ń kó o jáde á ti ra gbogbo rẹ̀ tán ní Ìlọrin, ẹ ó sì máa wá a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àlòkù tó mọ́ náà ṣeé lò, ẹ kàn fọ̀ ọ́, kó má ní òórùn ẹja tàbí àjílẹ̀.